Bí mo ṣe wá plutóníọ̀mù nínú ẹ̀dọ̀fóró ajá tó kú kí wọ́n tó bí mi

Nọ́ńbà ló wà lára páálí náà, kò sí orúkọ. Lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, ẹnì kan ti fi bírò kọ ọ́ pé abo ajá ni, irú beagle. Ó kọ ọjọ́ tó fa èròjà náà símú, ó sì kọ ọjọ́ tó kú. Mo ka ọjọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́jọ ó lé oṣù díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Wọn ò tíì bí mi nígbà tí ajá yìí kú, síbẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ló wà níwájú mi yìí nínú ìda, ní ègé ègé, ègé kan kò ju hóró ṣúgà lọ. Mẹ́rìndínlógún ni gbogbo wọn. Iṣẹ́ tí ọ̀gá mi gbé lé mi lọ́wọ́ kò gùn lẹ́nu: kí n wá ibi tí plutóníọ̀mù, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, tí ajá náà fà símú jókòó sí, kí n kà á, kí n sì sọ bó ṣe pín káàkiri.

Oṣù márùn-ún ló gbà mí. Amẹ́ríkà ni mo ti ṣe é, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a sì ń sọ níbi iṣẹ́, àmọ́ Yorùbá ni mo fi ń rò ó. Tí mo bá pe màmá mi lálẹ́, Yorùbá náà ni mo fi ń ṣàlàyé rẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nǹkan là sí mi lójú. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí nìyẹn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ajá náà ti wá. Ìparí ọdún 1940 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1941 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Berkeley ṣẹ̀ṣẹ̀ rí plutóníọ̀mù. Kò pẹ́ rárá tí ogun sọ ọ́ di ohun tí wọ́n ń fi ṣe bọ́ǹbù, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì ń fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Kò sí ẹni tó mọ iye tó lè wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn tí kò ní ṣe é ní jàǹbá. Wọ́n wá fi ajá dán an wò, ní Hanford ní ìpínlẹ̀ Washington, àti ní ilé ìwádìí Lovelace ní ìlú Albuquerque, New Mexico. Wọ́n á fi nǹkan bo imú ajá, wọ́n á jẹ́ kó mí eruku náà fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa tọ́jú rẹ̀, wọ́n á máa yẹ̀ ẹ́ wò, títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Wọ́n yan beagle nítorí pé ara rẹ̀ balẹ̀, ó sì lè lò tó ọdún méjìlá sí mẹ́rìnlá láyé. Eku kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún méjì sí mẹ́ta, ó ti tán. Àìsàn tí ìtànṣán ń dá sílẹ̀ sì máa ń pẹ́ lára kó tó yọjú.

Ó dùn mí pé wọ́n fi ajá ṣe é, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ta ló tún máa fọwọ́ sí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ lónìí? Àwọn ègé inú ìda yìí ló kù. Bí mo bá fi ìwàǹwára gé ọ̀kan bà jẹ́, kò sí ibi tí mo ti lè rí ìkejì rẹ̀ láyé. Ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn nìyẹn ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbé ègé kan sẹ́nu abẹ.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo gba páálí náà, mo pe màmá mi ní Ṣakí.

"Ajá tó ti kú láti ọjọ́ yìí wá? Kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀?"

"Eruku tó fà símú ni, Mà. A fẹ́ mọ ibi tó wà."

"Ṣé eruku ń dúró sójú kan ni? Ìwọ náà ṣebí o mọ ilé ẹ̀rọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀lùbọ́ ni màmá mi ń tà, ilé ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ ni mo sì dàgbà sí. Tí wọ́n bá da isu gbígbẹ sí ẹnu ẹ̀rọ, èyí tí kò kúnná á já bọ́ sí ìdí ẹ̀rọ níbẹ̀. Èyí tó kúnná díẹ̀ á bà lé èjìká àti gèlè àwọn obìnrin tó ń dúró gba tiwọn. Èyí tó kúnná jù kò ní bà rárá. Tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, ẹ ó rí i tó ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni pé kò ní ìwúwo kankan. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ni a máa ń rí i lórí àtérígbà, níbi tí ọwọ́ kò dé. Obìnrin tó bá fi ìborùn di imú ń bọ́ lọ́wọ́ èyí tó rí. Èyí tí kò rí ló ń mú un wúkọ́ lóru.

Bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń gba eruku náà nìyẹn. Máíkírọ́nù la fi ń wọn irú nǹkan báyìí: tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ìpín kan ni máíkírọ́nù kan. Irun orí èèyàn nípọn tó nǹkan bíi 70. Eruku tó bá ju 10 lọ, imú àti ọ̀fun ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró, torí ó ń bá èémí sáré bọ̀, kò sì lè yà nígbà tí ọ̀nà bá ṣẹ́ kọ́rọ́. Ó máa ń forí sọ ògiri ni. Èyí tó wà láàárín 1 sí 5 máa ń wọlé jìnnà, yóò sì rọra balẹ̀ níbi tí èémí bá ti ń falẹ̀, nínú àwọn ẹ̀ka tóóró àti nínú àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Èyí tó kéré gan-an, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ á máa tì í síbí tì í sọ́hùn-ún títí tí yóò fi gbá ògiri. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ti àárín, èyí tó tó 0.3 sí 0.5: kò wúwo tó èyí tí yóò balẹ̀, kò sì fúyẹ́ tó èyí tí a óò tì kiri. Ó wọlé, ó sì tún bá èémí jáde, púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tí mo sọ èyí fún màmá mi, wọ́n ní, "Ìyẹn náà mọ̀ pé ilé onílé ni."

Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní ṣé irú rẹ̀ ni èyí tí àwọn Faransé yìn ní aṣálẹ̀ nígbà tí àwọn wà ní kékeré. Òun gan-an ni. Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960 ni Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Reggane, nínú Sàhárà Àlùjíríà, nígbà ọyẹ́ gan-an, nígbà tí afẹ́fẹ́ Sàhárà ń gbé eruku bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó tún yin òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Oṣù Kìíní ọdún 1961 ni Nàìjíríà gé àjọṣe rẹ̀ pẹ̀lú Faransé nítorí ọ̀rọ̀ náà. Bàbá màmá mi gbọ́ ọ lórí asọ̀rọ̀mágbèsì, wọ́n sì ní kí wọ́n máa fi ọmọrí dé gbogbo ìkòkò omi. Mi ò mọ ìtàn yìí tẹ́lẹ̀. Ó di ìgbà tí mò ń wá plutóníọ̀mù lára ajá ilẹ̀ òkèèrè kí n tó gbọ́ pé ẹ̀rù rẹ̀ ti wọ ilé wa rí.

Ẹ jẹ́ kí n padà síbi iṣẹ́.

Ìtànṣán tí plutóníọ̀mù 239 ń tú jáde ni wọ́n ń pè ní alpha. Ó lágbára, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà: nínú ẹran ara, nǹkan bíi 40 máíkírọ́nù ló ń rìn kó tó tán. Ìbọ̀wọ́ ń dá a dúró. Òkú awọ tó wà lókè ara wa gan-an ń dá a dúró. Torí náà, ègé inú ìda tí mo gbé dání kò lè ṣe mí ní nǹkan kan láti ìta. Ohun tí mo ní láti ṣọ́ra fún ni kí n má fa fífọ́ ìda náà símú, kí èmi náà má lọ di ajá. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa afẹ́fẹ́ ni mo ti ń gé e, aṣọ tútù ni mo fi ń nu gbogbo nǹkan, n kì í fi ìgbálẹ̀ gbá ohunkóhun. Kí n tó jáde, n óò gbé ọwọ́, apá àti bàtà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìtànṣán. Ní gbogbo oṣù márùn-ún náà, kò fọhùn lé mi lórí.

Ẹ̀gbọ́n kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú ló kọ́ mi ní gígé. Wọ́n ti lo ogún ọdún nídìí máíkírótòmù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bó ìda ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Márùn-ún máíkírọ́nù ni ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ nípọn mọ. Ìpẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bó ya sí méjì, èkejì ká jọ bí ewé gbígbẹ.

"Àbúrò, ara rẹ gbóná jù," wọ́n ní. "Gbé e sórí yìnyín kọ́kọ́. Ìwọ náà jókòó."

Mo gbé ègé náà sórí yìnyín fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìda náà le. Nígbà tí mo yí ọwọ́ ẹ̀rọ, ìpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, ọ̀kan di ìdí èkejì mú bíi ríbọ́ọ̀nù. A fi búrọ́ṣì gbé e lé orí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Níbẹ̀ ni ó ti na ara rẹ̀, gbogbo ìhunjọ rẹ̀ tú. Mo ki gíláàsì pẹlẹbẹ bọ abẹ́ omi náà, mo rọra gbé e sókè, ìpẹ́ ẹ̀dọ̀fóró sì lẹ̀ mọ́ ọn. Tí ẹ bá gbé e sí ìmọ́lẹ̀, ó dà bí àwọ̀n ẹja tí wọ́n hun pẹ̀lú òwú tín-ínrín jù: ihò ni gbogbo rẹ̀, ògiri kò tó nǹkan. Inú àwọn ihò wọ̀nyẹn ni ajá náà fi mí fún ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn.

Ojú kò lè rí plutóníọ̀mù níbẹ̀. Máíkírósíkóòpù pàápàá kò lè sọ fún yín pé èyí ni plutóníọ̀mù, èyí sì ni ìdọ̀tí lásán. Ohun tí a ń ṣe ni pé a óò jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dé ṣọ́ọ̀bù onífótò àtijọ́ rí á mọ ohun tí mò ń sọ, iyàrá òkùnkùn yẹn àti oògùn tí wọ́n fi ń fọ fótò. Nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní emulsion. Ọmọ ìyá ohun tó wà lójú fíìmù ni, fàdákà wà nínú rẹ̀. Inú òkùnkùn ni a ti ń yọ́ ọ nínú omi gbígbóná níwọ̀n, bíi 42 lórí òṣùwọ̀n Celsius, pẹ̀lú iná pupa ṣókí kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá yọ́, ó ki bí ẹ̀kọ mímu. Mo ri gíláàsì kọ̀ọ̀kan bọ inú rẹ̀, mo ka méjì, mo fà á yọ láìgbọ̀n, mo nu ẹ̀yìn rẹ̀, mo sì gbé e nàró kó ro. Ó gbẹ tán, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí dúdú, mo fi bébà fàdákà wé e ní ìlọ́po méjì, ó di inú fìríìjì. Láti ìgbà náà lọ, gbogbo ìgbà tí átọ́ọ̀mù plutóníọ̀mù kan bá fọ́, alpha rẹ̀ á sáré gba inú emulsion kọjá, á sì fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ fótò, ipa ẹsẹ̀ náà á di dúdú, hóró fàdákà lẹ́yìn hóró fàdákà, lórí ìlà kan ṣoṣo.

Mo fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Èrò mi ni pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni yóò hàn tó. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán tí mo gbé e sábẹ́ lẹ́ńsì, àbààwọ́n dúdú ni mo bá níbi tó yẹ kí n ti bá ìlà, ó dà bí ẹni fi yíǹkì kán sí i. Kò sí nǹkan kan tí mo lè kà. Gíláàsì mẹ́rìnlélógún ló ṣòfò bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ìpẹ́ ẹran tí kò ní àfirọ́pò. Mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà.

Ọ̀gá mi kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo ṣírò rẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mi ò ṣírò rẹ̀. Mo wá jókòó ti ìwé àti bírò. Nínú gírámù kan plutóníọ̀mù 239, átọ́ọ̀mù bíi bílíọ̀nù 2.3 ló ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Hóró kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́nù 1 kò tó ohun tí òṣùwọ̀n ọjà kankan lè mọ̀, síbẹ̀ átọ́ọ̀mù bíi 900 ń fọ́ nínú rẹ̀ lójúmọ́. Ìdajì ń dojú kọ ilẹ̀, ìdajì ń dojú kọ emulsion: 450 ìlà lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ó ju 9,000 lọ, lórí ojú ibi tí kò tó orí abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà, tí ìbú hóró bá jẹ́ ìdajì máíkírọ́nù, ìwúwo rẹ̀ á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ, ìlà rẹ̀ kò ní ju bíi 55 lọ lójúmọ́. Ìyẹn ni pé kò sí iye ọjọ́ kan ṣoṣo tó lè bá gbogbo hóró mu. Tí mo bá dúró pẹ́, àwọn ńlá á di yíǹkì. Tí mo bá tètè fọ̀ ọ́, àwọn kékeré kò ní tíì sọ̀rọ̀.

Mo tún un ṣe ní ọ̀nà mẹ́ta. Lára ègé kọ̀ọ̀kan, mo bó ìpẹ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé ara wọn: ọ̀kan fún ọjọ́ méjì, ọ̀kan fún ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀kan fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mo fi ìpẹ́ ẹ̀dọ̀fóró ajá mìíràn tí kò fa nǹkan kan símú sí àárín wọn, pẹ̀lú gíláàsì òfìfo, nítorí pé emulsion fúnra rẹ̀ máa ń ní ìlà díẹ̀ díẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́ iyàrá. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, kó má fo ti òfìfo yẹn. Òun ló ń sọ bóyá ohun tí ẹ rí ti ara ajá ni tàbí ti ilé.

Ọjọ́ Tuesday kan ní ìrọ̀lẹ́ ni mo fọ ti ọjọ́ méjì. Mo ń wo ìpẹ́ àkọ́kọ́, mò ń sún un díẹ̀díẹ̀. Ihò, ògiri, ihò, ògiri. Ó tó ogún ìṣẹ́jú tí mi ò rí nǹkan kan. Mo ti ń rò pé mo tún ti bà á jẹ́ nígbà tí ìràwọ̀ kan wọ ojú lẹ́ńsì.

Ìràwọ̀ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, òun náà ló sì jọ. Láti ojú kan ṣoṣo, ìlà dúdú yọ síta káàkiri, ó na síhìn-ín síhìn-ín bí ẹ̀gún òòrẹ̀ tí ajá lé. Àwọn kan gùn, torí wọ́n dùbúlẹ̀. Àwọn kan kúrú bí àmì ohùn, torí wọ́n kọjú sókè tààrà sí ojú mi. Tí ẹ bá wo ìlà kan dáadáa, ẹ ó rí i pé hóró hóró ni, bí èèrà tó tò. Mo kà á: ọgbọ̀n. Ọgbọ̀n ìlà lọ́jọ́ méjì, ìyẹn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Mo fi méjì ṣe é lọ́po, ó jẹ́ ọgbọ̀n átọ́ọ̀mù lójúmọ́. Ìṣírò bá mú mi padà sí hóró kan tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.3 máíkírọ́nù, lára èyí tí mo sọ fún màmá mi pé ó sábà ń bá èémí jáde. Èyí kò jáde. Ó ti wà níbẹ̀ kó tó di pé wọ́n bí mi, ó ṣì ń sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà, kíkà ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko ni mo fi kà, wákàtí mẹ́ta lójúmọ́, torí ojú máa ń rẹ̀. Èyí kò gbọ́dọ̀ gùn nínú ìtàn, nítorí ọjọ́ kan jọ èkejì. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ sọ.

Ègé kan wà tí wọ́n gé láti ara ọ̀nà èémí ńlá. Kò sí ìràwọ̀ kankan níbẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀nà èémí ló ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti irun tíntìntín tó ń gbá a sókè láìsinmi. Eruku tó bá bà síbẹ̀, láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ó ti dé ọ̀fun, ajá ti gbé e mì, ó ti bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn àpò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kò ní irun yẹn, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì kan tó ń rá kiri ló ń ṣe ìmọ́tótó ibẹ̀; ohun tó bá bá, ó ń gbé mì ni. Ìdọ̀tí míì, ó ń yọ́ nínú rẹ̀. Plutóníọ̀mù tó ti jóná di oxide kì í fẹ́ yọ́. Sẹ́ẹ̀lì náà ti gbé ẹyin iná mì. Ó kú, hóró náà já bọ́, òmíràn tún wá, ó tún gbé e mì. Bí a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ, àwọn hóró tó wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di àjọjókòó. Ìràwọ̀ mẹ́ta mẹ́rin ni mo ń bá lójú kan, nígbà tí gbogbo àyíká rẹ̀ ṣófo.

Àjọjókòó náà ní ibi tó fẹ́ràn. Abẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo ẹ̀dọ̀fóró níta, àti ẹ̀gbẹ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ínrín. Púpọ̀ rẹ̀ wà nínú àpá, ìyẹn ibi tí ẹran ti le, tí ihò afẹ́fẹ́ ti dí. N kò lè sọ láti ara ìpẹ́ kan bóyá hóró ló dá àpá sílẹ̀ níbẹ̀ tàbí àpá ló dá hóró dúró. Ó jọ pé méjèèjì ni.

Kókó lymph ló yà mí lẹ́nu jù. Ègé méjì ni mo ní nínú rẹ̀, láti ibi tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì. Àwọn kókó wọ̀nyí dà bí asẹ́ tí omi ara ń gbà kọjá. Ohun tí sẹ́ẹ̀lì bá rù kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ló ń gbé e lọ. Ọjọ́ méjì pọ̀ jù fún wọn. Yíǹkì ni mo tún bá. Wákàtí mẹ́fà ni mo wá fi wọ́n sílẹ̀, ìràwọ̀ sì kún ibẹ̀ bí ìgbà tí iná NEPA bá lọ lálẹ́ ọjọ́ tí kò sí òṣùpá. Nínú gírámù sí gírámù, plutóníọ̀mù inú kókó wọ̀nyí pọ̀ fíìfíì ju ti ẹ̀dọ̀fóró lọ. Bẹ́ẹ̀ tí ajá bá fa irú èyí tó ń yọ́ símú, bíi nitrate, ìtàn mìíràn ni: èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí egungun àti ẹ̀dọ̀. Oxide ló ń jókòó.

Ọ̀gá mi fi ìpẹ́ ẹ̀dọ̀fóró eku díẹ̀ hàn mí kí n lè fi wé e. Eku ń lé eruku tí kì í yọ́ jáde kíákíá. Láàárín nǹkan bí oṣù méjì, ìdajì ti lọ. Ti ajá àti ti èèyàn ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjọ́. Ẹni tó bá fi eku nìkan ṣírò fún èèyàn yóò ṣì í gidigidi.

Mo wá ṣe ìṣirò kan tó bà mí lẹ́rù. Tí hóró onímáíkírọ́nù 1 bá wà nínú ẹran líle, gbogbo agbára rẹ̀ ń tán sínú bọ́ọ̀lù kékeré kan tí kò ju 40 máíkírọ́nù lọ láti àárín dé etí. Mo pín agbára náà sí ìwúwo ẹran inú bọ́ọ̀lù yẹn: ó jẹ́ nǹkan bíi Gray 2 ààbọ̀ lójúmọ́ (Gray la fi ń wọn agbára ìtànṣán tó wọ ẹran ara). Gray 4 tàbí 5 lẹ́ẹ̀kan náà sí gbogbo ara èèyàn lè pa á tí kò bá rí ìtọ́jú. Mo gbé ìwé náà tọ ọ̀gá mi lọ. Mo ní mo ti rí ohun tó ń pani: ojú kan tó gbóná bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ burú ju kí ìwọ̀n kan náà tàn ká gbogbo ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Wọ́n ní kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rò bẹ́ẹ̀. Ọdún 1974 ni àwọn kan ní Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ irú èyí lọ bá ìjọba, pé kí wọ́n dín ìwọ̀n tí òfin gbà kù gan-an nítorí àwọn hóró gbígbóná. Àwọn ajá àti eku kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Tí ìwọ̀n bá dọ́gba, èyí tó tàn káàkiri kò san ju èyí tó jókòó lójú kan lọ, nígbà míì òun ló tún burú jù. Ọ̀gá mi fi ìka tẹ àárín ìràwọ̀ kan lójú kọ̀ǹpútà. "Àwọn sẹ́ẹ̀lì ibí yìí ti kú," wọ́n ní. "Òkú kì í di jẹjẹrẹ." Wọ́n wá sún ìka sí etí rẹ̀, níbi tí ìlà kan tàbí méjì péré ti kọjá. Sẹ́ẹ̀lì tí ìlà kan gba inú rẹ̀ kọjá tí kò kú, tó sì ń pín ara rẹ̀ lọ pẹ̀lú ọgbẹ́ náà, òun ni kí n máa wá.

Mo padà sídìí máíkírósíkóòpù, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, àárín ìràwọ̀ ni mo ń kọ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ka iye sẹ́ẹ̀lì tó wà ní etí, àwọn tí ìlà kọjá nínú wọn lẹ́ẹ̀kan. Mo sì rí ìdí tí kókó lymph tó kún fọ́fọ́ yẹn fi lè wà láìní jẹjẹrẹ: àárín púpọ̀, etí díẹ̀, àpá ló sì gba gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ̀dọ̀fóró ni jẹjẹrẹ ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ lára àwọn ajá wọ̀nyẹn, nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà létí àpò afẹ́fẹ́. Lórí páálí tèmi náà, lábẹ́ ọjọ́ ikú, ohun tí wọ́n kọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ tí mo parí, mo tún yọ́ ìda díẹ̀ lé ojú ègé kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ má baà máa jẹ ẹran náà. Mo kọ iye ìpẹ́ tí mo bó lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, pẹ̀lú èyí tí mo bà jẹ́, kí ẹni tó bá tún wá lẹ́yìn mi mọ iye tó kù. Plutóníọ̀mù 239 máa ń lo 24,100 ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó tán, torí náà hóró kan náà ni ẹni yẹn máa bá. Màmá mi ti ní kí n béèrè orúkọ ajá náà. Mo béèrè, kò sí ìwé tó kọ ọ́. Mo da mẹ́rìndínlógún wọn padà sínú páálí, mo sì gbé e sípò rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.